Èéfín Tútù Ni Kí Ẹ Fi Ṣí Ilé Oyin: Ìwé Ìlàlóye fún Olùsìn Oyin ní Festac àti Amuwo-Odofin

Oyin ilẹ̀ wa kò gba gbẹ̀rẹ́. Bí ẹyọ kan bá ta ènìyàn, òórùn kan tó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n á tú jáde níbi tó ta sí. Òun ni wọ́n fi ń pe ara wọn sójú ìjà. Èéfín ló ń bo òórùn náà mọ́lẹ̀. Bí ó bá sì wọlé tọ̀ wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn á sáré lọ mu oyin yó bí ẹni tí iná fẹ́ lé kúrò nílé. Èyí tó ti yó kì í yára ta ni.

Ẹ̀rọ èéfín kò ju agolo onímú àti ẹwìrì lọ. Moses Quinby, olùsìn oyin kan ní Amẹ́ríkà, ló so méjèèjì pọ̀ ní àwọn ọdún 1870, ṣùgbọ́n ẹwìrì kò ṣàjèjì sí alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa. Èyí tó fẹ̀ tó ínṣì 4, tó ga tó ínṣì 10, ni kí ẹ rà. Iná inú kékeré a máa kú nígbà tí ilé oyin ṣì ṣí sílẹ̀, nígbà tí ọwọ́ kò ráyè àtidáná. Kó jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, kó ní wáyà lára tí kò ní jẹ́ kó jó yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ sí ihò ẹwìrì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ atẹ́gùn náà lára dáadáa.

Ohun tí ẹ ń jó sínú rẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ rà á lọ. Èèpo àgbọn onírun ni a fi ṣíwájú. Àgbọn pọ̀ lọ́nà Badagry, àwọn tó ń bó o a sì máa da èèpo rẹ̀ nù. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún un, ẹ sá a kó gbẹ táútáú. Ó ń jó pẹ́, èéfín rẹ̀ funfun, ó nípọn, ó sì tutù. Ṣùkù àgbàdo, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ àti àpò kòkó àtijọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rá, rọ́bà, àpò ìrẹsì onírọ́bà, pákó tí wọ́n kùn lọ́dà, kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù, ẹ má dán an wò láé. Èéfín wọn lè pa kòkòrò oyin, ẹ̀yin náà sì ń fà á símú, oyin tí ọmọ yín máa lá kò sì ní ṣàì gbà nínú rẹ̀.

Ẹ fi ògùṣọ̀ tó ń jó sí ìsàlẹ̀, ẹ máa fín in díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi èèpo àgbọn lé e. Bí iná bá ti mú, ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ koríko tútù bò ó kí ẹ tó dé e, kí iná má baà ta jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fín èéfín náà sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Bí ó bá jó yín lára, ó ti gbóná jù: á jó oyin níyẹ́, á sì mú wọn bínú sí i. Ẹ fi koríko tútù kún un. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fín in lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹnu ọ̀nà wọn, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó ṣí i.

Ilé fara kínra ní Festac. Nítorí náà, ẹ gbé ilé oyin jìnnà sí ilé, ilé ìwé àti ojú ọ̀nà. Bí oyin bá wọ àjà ilé, ẹ má dáná sun ún. Òrùlé ló máa jó. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ fi koríko tútù dí imú ẹ̀rọ náà títí iná inú rẹ̀ yóò fi kú, ẹ má sì da ẹyin iná sí ààtàn.

Bí oyin bá ta ènìyàn, tí ojú rẹ̀ wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, tàbí bí iná bá ràn mọ́ nǹkan, ẹ pe 767 tàbí 112 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.