Ológbò Inú Ààtàn Di Ọmọ Ilé

Àwọn àgbà ní, "Àìsí ńlé ológìnní, ilé di ilé èkúté." Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé eku pípa nìkan ni ológbò wà fún. Nígbà tí eku bá pọ̀, a ó wá ológbò kiri. Nígbà tí eku bá dín kù, a ó ní kí ó máa lọ wá oúnjẹ ara rẹ̀. Bí ó bá sì bímọ, a ó kó àwọn ọmọ náà sínú páálí, a ó lọ gbé wọn jù sórí ààtàn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ológbò méjì tí ẹlòmíràn kọ̀ sílẹ̀ ni ó ti wọ ilé tèmi. Àìmọ̀kan mi ni ó pa èkínní. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ sọ bí a ti ṣe tọ́jú èkejì, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

Ọmọ Ológbò Inú Páálí

Ìbàdàn ni a ń gbé. Tíṣà ni mí. Ìyàwó mi ń ta gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Ọmọ márùn-ún ni a bí, àwọn ìbejì ni ó kẹ́yìn, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ wa. Ilé wa kì í dákẹ́. Bí ọmọ kan ti ń lọ aṣọ ni òmíràn ń wá ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà ìyàwó mi ń kan ilẹ̀kùn láti àárọ̀ kùtù. Ẹni tí ó bá wo irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò ní kò sí àyè fún ẹran ọ̀sìn níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan nígbà òjò, bí ìyàwó mi ti ń palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́, ó gbọ́ igbe tín-ín-rín lórí ààtàn tí ó wà lẹ́yìn ìsọ̀. Páálí kan ni wọ́n fi okùn dì. Nígbà tí ó tú u, ọmọ ológbò mẹ́ta ni ó bá nínú rẹ̀. Méjì ti kú; ẹ̀kẹta, dúdú tí àyà rẹ̀ funfun, ni ó ń ké. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ figbe ta: "Ìyá Ìbejì, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ta ni ó mọ ẹni tí ó rán an?" Ìyàwó mi dá wọn lóhùn pé, "Ẹni tí a rán níṣẹ́, ṣé inú páálí tí a dì lókùn ni yóò ti jẹ́ ẹ?" Ó fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó gbé e wálé.

Bí ìyá mi ti rí i, ó dìde lórí àga. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ológbò dúdú! Ṣé ẹ fẹ́ kó àjẹ́ wọlé tì mí ni?" N kò ní purọ́, àyà èmi tí mo jẹ́ tíṣà náà já díẹ̀, nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ológbò dúdú dẹ́rù bà mí. Mo rọra wí fún un pé, "Ẹ jọ̀wọ́, Màámi, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Òjò ni ó pa á."

Ó sùn mọ́jú, kò sì lọ mọ́. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Ṣọ́jà, wọ́n ní yóò máa ṣọ́ ọjà ìyá àwọn. Kò pé oṣù mẹ́rin tí àwọn eku tí ń dá ihò sí àpò gàrí wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìyá mi kò jẹ́ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan mo rí i tí ó ju orí ẹja sí i lábẹ́ tábìlì, tí ó sì gbójú sí ibòmíràn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ohun Tí Ó Pa Ṣọ́jà

Kí Ṣọ́jà tó dé ni mo ti máa ń fi òògùn eku sí kọ̀rọ̀ yàrá tí a ń kó ọjà sí. Nígbà tí ó dé, n kò dáwọ́ dúró. Mo rò pé bí òògùn bá ń pa á, tí ológbò náà ń pa á, eku yóò tán kíákíá. N kò mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn òògùn náà kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ náà kò fi ní lè dì mọ́, tí eku yóò sì máa rìn tàgétàgé kiri fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó kú. Irú eku bẹ́ẹ̀ ni ó rọrùn jù lọ fún ológbò láti mú. Májèlé tí eku jẹ yóò sì di ti ológbò.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni àwọn ìbejì bá Ṣọ́jà lẹ́yìn àpò ẹ̀wà, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú rẹ̀. Kí a tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ó ti kú sọ́wọ́ Táíwò. Ọmọ náà bi mí pé, "Bàbá, kí ni ó jẹ?" N kò lè dá a lóhùn. Ìyá mi ni ó mú àlòkù ìró rẹ̀ kan wá tí ó ní kí a fi wé e kí a tó sin ín. Ó ní, "Èmi ni mo ń bẹ̀rù rẹ̀, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Àwa ni a ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju ìbáwí lọ. Ní ọjọ́ náà gan-an ni mo kó gbogbo òògùn eku àti ọ̀tapiápiá tí ó wà nílé dànù.

Èkejì Dé

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ará àdúgbò wa kan kó lọ sí ìlú mìíràn, ó sì fi abo ológbò rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹran náà sá wá sí abẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa. Ó ti rù, etí rẹ̀ kan ti ya, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ òun. Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ rí i. Ìbéèrè kan péré ni ó bi mí: "Bàbá Ìbejì, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti kó òògùn eku yẹn dànù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dára. Ẹ gbé omi fún un."

Ní ìgbà yìí, n kò fi orí ara mi ṣe é. Mo lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, mo bèèrè ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

Sùúrù ni àkọ́kọ́. A kì í lé ológbò tí ẹ̀rù ń bà mú. A fún un ní kọ̀rọ̀ kan tí ariwo kò pọ̀, a dá ihò sí ara páálí, a tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀ kí ó lè rí ibi sá pamọ́ sí. A ń gbé oúnjẹ síbẹ̀ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ẹni tí ó gbé e yóò sì jókòó sí ọ̀ọ́kán láìtẹjú mọ́ ọn. Mo ṣe òfin fún àwọn ọmọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án nígbà tí ó bá ń jẹun tàbí tí ó bá ń sùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa ìrù rẹ̀. Bí ológbò bá wò ọ́ tí ó sì rọra di ojú, ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ sí ọ nìyẹn. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó wá fi orí ra ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé. Ọmọ náà kò mira, omijé ayọ̀ ni ó bọ́ lójú rẹ̀.

Èkejì ni oúnjẹ. Èbà nìkan kò lè bọ́ ológbò. Ara rẹ̀ kò lè ṣe aláìní ẹran tàbí ẹja. Bí kò bá rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́, ojú àti ọkàn rẹ̀ yóò bàjẹ́. Orí ẹja tí a sè láìfi ata tàbí àlùbọ́sà sí i, tí a sì yọ egungun rẹ̀, ni a ń fún tiwa. Májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ológbò, nítorí náà ìyókù ọbẹ̀ wa kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Wàrà tí gbogbo ènìyàn rò pé ó dára fún un máa ń ṣu ọ̀pọ̀ àgbà ológbò. Omi mímọ́ ni kí ẹ fún un. Ẹ má sì fún un ní oògùn ènìyàn láé. Parasítámọ́ọ̀lù ẹyọ kan péré lè pa ológbò.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ́tótó àti àìsàn. Báàfù oníke tí a da yanrìn sí ni ó ń yàgbẹ́ sí, a sì ń kó o lójoojúmọ́. Kí aláboyún má ṣe kó o, nítorí pé kòkòrò kan lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò tí ó lè pa ọmọ inú lára. A gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àìsàn dìgbòlugi fún un, nítorí pé kì í ṣe ajá nìkan ni àìsàn náà ń mú. Bí ológbò tí ẹ kò mọ̀ bá bu ọmọ jẹ tàbí tí ó ha á ní èékánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí àìsàn yìí bá ti farahàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni náà tó yè é.

Ọmọ Mẹ́rin Lórí Ìwé Ìdánwò

A kò mọ̀ pé oyún wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ológbò fi ń lóyún. Ní òru ọjọ́ kan ó wọ yàrá mi, ó sì bí ọmọ mẹ́rin sórí ìwé ìdánwò tí mo kó sílẹ̀ láti máàkì. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi kò gba èyí gbọ́ títí di òní.

Ojú àwọn ọmọ náà là láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. A fi wọ́n sọ́dọ̀ ìyá wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, a kò já wọn lẹ́nu ọmú kí ó tó tó àkókò. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ ìyàwó mi, àwọn kan náà tí wọ́n figbe ta níjọ́ kìíní, wá ń tọrọ wọn. A fún wọn, ṣùgbọ́n ìyá mi fi àdéhùn sí i: ẹni tí òògùn eku bá wà ní ìsọ̀ rẹ̀ kò ní gba ọmọ ológbò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí. Abo ológbò lè lóyún kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, ó sì lè tún lóyún kí àwọn ọmọ ọwọ́ rẹ̀ tó já lẹ́nu ọmú. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń pọ̀ ju ilé tí yóò gbà wọ́n lọ, tí páálí fi ń dé orí ààtàn. Dókítà ẹranko lè ṣe iṣẹ́ abẹ tí abo kò fi ní lóyún mọ́, ó sì lè tẹ akọ lọ́dàá. A ti ṣe é fún tiwa. Ó sàn kí a náwó lẹ́ẹ̀kan ju kí a máa di ọmọ tuntun ní okùn lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ Àjẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Eku

Ní ti ẹ̀rù tí ń ba àwọn ènìyàn, Alfa àdúgbò wa rán ìyá mi létí pé ọ̀kan nínú àwọn ṣàhábà Ànábì, Abu Hurairah, láti ara ọmọ ológbò ni ó ti gba orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ kéde pé ní erékùṣù Kípírù, wọ́n rí ibojì ẹnì kan tí wọ́n sin ológbò tì, tí ó ti tó ọdún 9,500. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ológbò ti ń bá ọmọ ènìyàn gbé. Àwọ̀ ni dúdú. Kì í ṣe ìwà.

Ní ti eku, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ológbò sísìn mọ́ àwọn ọ̀nà tí a lè fi lé eku tí ń tan ibà Lásà kálẹ̀ jìnnà sí ilé. Ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá àìsàn yìí mọ̀ ní ìlú Lásà, ní ilẹ̀ Bọ̀rọ̀nú. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tí ó bá kan oúnjẹ ni ó máa ń bá wọ inú ènìyàn. Síbẹ̀, ológbò kò lè gba ipò ìdérí. Ẹ máa kó gàrí àti ẹ̀wà yín sínú ohun tí eku kò lè lu, kí ẹ sì da ìdọ̀tí jìnnà sí ilé.

Ìyá mi ni ó fún ológbò wa yìí ní orúkọ. Ó pè é ní Àṣàkẹ́. Nígbà tí mo ní orúkọ ènìyàn nìyẹn, ó ní ṣé a kò ṣà á láàárín ọ̀pọ̀ kí a tó máa kẹ́ ẹ ni? Ní alẹ́, nígbà tí ariwo ilé bá rọlẹ̀, orí itan rẹ̀ ni Àṣàkẹ́ ń sùn sí, tí ó sì ń kùn hùn-ún hùn-ún.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ kò bá lè tọ́jú ológbò, ẹ má ṣe mú un wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un wọlé, ẹ kà á mọ́ àwọn tí ẹ ń bọ́, ẹ sì kọ́kọ́ wo kọ̀rọ̀ ilé yín dáadáa, kí ohun tí ó pa Ṣọ́jà má baà wà níbẹ̀.