Ẹni Mẹ́wàá Nínú Méjìlá: Ìgbìmọ̀ Júrì Louisiana àti Ẹ̀wọ̀n Gbére

Ní ìpínlẹ̀ Louisiana lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bí ẹjọ́ ìpànìyàn bá dé ojú ẹ̀ tán, kì í sábà jẹ́ adájọ́ ló ń sọ pé olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi. Àwọn ará ìlú méjìlá ló ń sọ ọ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní júrì. Wọn kì í ṣe amòfin. Wọ́n á gbọ́ ẹ̀rí tọ̀tún-tòsì, wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á tilẹ̀kùn. Bí agbẹjọ́rò bá fẹ́ mọ bí oníkálukú ṣe dìbò, akọ̀wé ilé ẹjọ́ lè há ìwé pélébé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ìpinnu tìrẹ nìyí? Onítọ̀hún á kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, á sì buwọ́ lù ú.

Fún ọgọ́fà ọdún, ẹni tó kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ lè máa fi yíǹkì ṣòfò.

Ọdún 1898 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn aṣáájú Louisiana pé jọ sí New Orleans láti kọ ìwé òfin tuntun. Wọn ò fi bò pé àwọn fẹ́ kí aláwọ̀ funfun máa jẹ gàba. Ìpàdé yẹn ló fi òfin mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti owó orí dí aláwọ̀ dúdú lọ́nà ibi ìdìbò: àwọn olùdìbò aláwọ̀ dúdú tí wọ́n lé ní 130,000 lọ́dún 1896 kò tó 6,000 mọ́ nígbà tó fi máa di 1900. Ti júrì ló le díẹ̀. Láti 1880 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà ti sọ pé òfin ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ ní kí aláwọ̀ dúdú má jókòó sí júrì, àwọn aṣòfin àgbà ní Washington náà sì ti ń tọ pinpin Louisiana. Wọ́n wá dá ọgbọ́n kan: kí aláwọ̀ dúdú wọlé, kó jókòó, kó sọ̀rọ̀ tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́sàn-án nínú méjìlá ti tó láti dá ènìyàn lẹ́bi. Ìwé òfin ti 1974 sọ mẹ́sàn-án di mẹ́wàá.

Ìpínlẹ̀ Oregon nìkan ló tún ní irú òfin bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bó bá jẹ́ ikú ni ìjọba ń bèèrè, àwọn méjìlá gbọ́dọ̀ fẹnu kò pé olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére tí kò ní ìtúsílẹ̀, nígbà tí òfin náà ṣì wà, mẹ́wàá tó. Èwo lọgbọ́n ibẹ̀? Pósí ló ń gbé àwọn méjèèjì jáde.

Ẹ̀wọ̀n yìí kì í sì ṣe ohun tí adájọ́ ń rò wò. Bí júrì bá ti ní ènìyàn jẹ̀bi ìpànìyàn ìpele kejì, gbére ni, láìsí ìtúsílẹ̀ kankan. Ó kan ẹni tó bá adigunjalè lọ tí wọ́n sì pa ènìyàn níbẹ̀, bí kò tiẹ̀ ní in lọ́kàn láti pa ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, nígbà kan rí, ẹlẹ́wọ̀n gbére tó bá hùwà dáadáa sábà máa ń jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ààbọ̀. Kí 1979 tó parí, àwọn aṣòfin ti pa ọ̀nà yẹn dé.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n Angola ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbére lọ. Oko ẹrú ni tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú wá nílẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó lé ní hẹ́kítà 7,000, odò Mississippi yí i ká lọ́nà mẹ́ta. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣì ń roko níbẹ̀, tí wọ́dà ń fi ẹṣin ṣọ́ wọn tòun tìbọn.

Kí aláwọ̀ dúdú tiẹ̀ tó dé orí àga júrì, ìṣòro mìíràn wà. Agbẹjọ́rò ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ àwọn kan kúrò láìsọ ìdí. Láti 1986 ni ilé ẹjọ́ ti ní kò gbọ́dọ̀ jẹ́ tìtorí àwọ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò lè hùmọ̀ ìdí mìíràn? Nínú ẹjọ́ kan láti Georgia tó dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lọ́dún 2016, wọ́n rí ìwé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fúnra wọn: wọ́n ti fi yíǹkì aláwọ̀ ewé kun orúkọ gbogbo aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì kọ lẹ́tà B sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ní oṣù kọkànlá 2018, àwọn olùdìbò Louisiana fagi lé òfin ẹni mẹ́wàá náà, fún ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bá dá láti 2019 lọ. Ní oṣù kẹrin 2020, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní kò bófin Amẹ́ríkà mu. Àwọn tó ti wà nínú ẹ̀wọ̀n wá ń retí. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ní ìdájọ́ òun kò kan ẹjọ́ tó ti parí; lọ́dún 2022, ilé ẹjọ́ Louisiana sọ bákan náà. Oregon ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n tirẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Àwọn agbẹjọ́rò tó ń jà fún àwọn ti Louisiana ṣírò wọn sí nǹkan bí 1,500, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù.

Nítorí náà, ẹni tí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́ 2020 lè rí ìgbẹ́jọ́ tuntun gbà. Ẹni tí tirẹ̀ parí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ń bẹ lóko. Ní New Orleans, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba tó gorí oyè lọ́dún 2021 gbà láti tún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó kù, ìgbìmọ̀ ìdáríjì àti ọwọ́ gómìnà ni wọ́n ń wò.