Prado tuntun: Ẹwà rẹ̀ pọ̀, ṣé yóò pa owó wọlé fún oníṣòwò Ìwó?

Jíìpù Prado kì í ṣe àjèjì sí oníṣòwò tó ń ná ọjà Odò-Orí n'Ìwó. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 tí ilé-iṣẹ́ Toyota ti Japan ti tún un ṣe lákọ̀tun, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tí èyí tó ṣáájú ti wà lójú títì, ohùn àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

Àwọn tó gbóríyìn fún un ní ó ti padà sí iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Toyota fúnra rẹ̀ sọ pé Prado ti ń di ọkọ̀ fàájì jù, òun sì fẹ́ kó padà di ọkọ̀ tí aráàlú lè fi ṣiṣẹ́ òòjọ́. Ara rẹ̀ wá ní igun bíi ti àtijọ́, iná iwájú àwọn kan sì rí roboto. Èyí tó ju ẹwà lọ ni ṣáásí, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ dúró. Wọn kò yọ ọ́. Toyota ní ó fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan tún ní bọ́tìnnì tó ń tú irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, kí táyà kan lè wọ kòtò láì gbé èkejì kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ń kó ẹ̀gẹ́ tàbí kòkó jáde lóko lásìkò òjò yóò mọ iyì ìyẹn.

Àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú náà ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní ó ti tóbi jù: ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ sí i. Èyí tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà ń lo bẹntiróòlù pẹ̀lú bátìrì ńlá. Wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn kẹta nínú rẹ̀, bátìrì sì gbé ilẹ̀ ibi ẹrù sókè. Èyí tó ń lo dísẹ̀lì tàbí bẹntiróòlù nìkan wà fáwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Bí wọ́n bá wá gbé ti Amẹ́ríkà wá fún yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá mẹkáníìkì yín ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Sípánà nìkan kò tó.

Owó rẹ̀ ló wúwo jù. Nígbà tó dé ọjà Amẹ́ríkà ní 2024, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù tó nǹkan bíi dọ́là 56,000. Bí a bá ṣẹ́ dọ́là kan ní náírà 1,500, mílíọ̀nù 84 náírà nìyẹn, láì tíì ka owó ọkọ̀ ojú omi àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo tí ọkọ̀ ńlá ń mu kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré mọ́.

Kí oníṣòwò tó ra jíìpù èyíkéyìí, kó mú ìwé àti bírò. Èló ni ọkọ̀ yìí yóò mú wọlé lóṣù? Èló ni epo, táyà àti àtúnṣe yóò jẹ níbẹ̀? Ta ni yóò tún un ṣe n'Ìwó, tí kò ní di pé wọ́n ń wọ́ ọ lọ s'Íbàdàn? Bó bá jẹ́ gàrí àti epo pupa lẹ ń kó, píkọ́ọ̀pù tó dúró dáadáa yóò ṣe iṣẹ́ náà lówó pọ́ọ́kú. Bó bá jẹ́ jíìpù gan-an lẹ nílò, Prado tòkunbọ̀ ti àárín 2009 sí 2023 ti mọ́ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lọ́wọ́. Ẹ ṣáà yẹ ṣáásí rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ fi owó tó bá ṣẹ́kù ra ọjà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.