ÌTÀN TÓ YẸ KÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ ÌKIRÈ SỌ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìkirè àti Àpòmù, akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè, tó bá ń wá ìtàn nípa àyíká, kí ó kọ́kọ́ lọ bá ìyá tó ń dín dòdò. Wọ́n ní ìyá àgbà kan ni kò ní ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù lọ, ló bá pò ó mọ́ ata àti iyọ̀, ó dín in nínú epo pupa. Ohun tí à bá dà nù ló di òwò ìlú.

Ti odò Ọ̀ṣun le ju èyí lọ. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti ń fọ erùpẹ̀ sínú àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, omi náà sì di ẹrẹ̀. Ní 2022, ìjọba kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn ní Òṣogbo pé kí wọ́n má mu ún. Odò yìí kan náà ló ń ṣàn bọ̀ wá sí dáàmù Àṣèjíre, ìtòsí wa níhìn-ín, tí Ìbàdàn ń mu.

Ìwé àyẹ̀wò omi kì í dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́jà. Ìtàn ń dé ibẹ̀. Àwọn àgbà wa tó ti pọn omi Ọ̀ṣun rí mọ bó ti mọ́ tó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ fún un ní àga, kí ẹ sọ ọ́.