Rédíétọ̀ ńlá nínú Peugeot 504 àtijọ́: ìgbà tó ń mérè wá, ìgbà tó jẹ́ òfò

Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé ọkọ̀ 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Nígbà tó di 1975, ilé iṣẹ́ PAN ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Nàìjíríà, kò sì pẹ́ tí 504 fi di ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ oníṣòwò àti ọkọ̀ akérò. Wọn kì í ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lójú pópó. Àwọn kan ń fi tiwọn kó irè oko wọ̀lú, àwọn mìíràn tún tiwọn ṣe nítorí pé ọkọ̀ àtijọ́ tó bá dára ti di ohun ìní tó ṣeé tà lówó gọbọi. Àìsàn kan ló kó gbogbo wọn pọ̀: kí ẹ́ńjìnnì máa gbóná jù. Oògùn tí ọ̀pọ̀ ń sáré lọ rà ni rédíétọ̀ tó tóbi ju èyí tó bá ọkọ̀ náà wá.

Wọn ò jẹ̀bi bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n. Irin ni ara ẹ́ńjìnnì 504, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe orí rẹ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, orí yìí á wọ́, gáskẹ́ẹ̀tì á jó, omi àti ọ́ìlì á sì dàpọ̀. Owó tí wọn yóò fi tún ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ju owó rédíétọ̀ lọ, ọkọ̀ tó ń wá oúnjẹ ọmọ yóò sì jókòó sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láìpa kọ́bọ̀.

Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru tí epo bẹntiróò ń mú wá ni omi ń gbé lọ sínú rédíétọ̀, kí atẹ́gùn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀nà omi bá dí, tàbí tí atẹ́gùn kò rọ́nà wọlé, títóbi nìkan kò lè ṣiṣẹ́ náà. Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó sì ń tutù tó bá ń sáré, fáànù rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èyí tó jẹ́ pé orí eré ní títì márosẹ̀ ló ti ń gbóná, ó ṣeé ṣe kí ìpẹtà ti dí ọ̀nà omi rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ omi kànga ni wọ́n ń rọ sí i.

Bàbà àti idẹ ni rédíétọ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ọjọ́un. Àwọn tó ń tún rédíétọ̀ ṣe lè tú u, kí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ọ̀nà omi rẹ̀, kí wọ́n sì fi òjé jó o padà. Iṣẹ́ yìí kò wọ́n tó ríra òmíràn.

Rédíétọ̀ ńlá máa ń san owó rẹ̀ padà bí wọ́n bá so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọkọ̀ tí kò ní i tẹ́lẹ̀, nítorí iwájú rédíétọ̀ ni apá kan ẹ̀rọ náà ń jókòó sí, tó sì ń mú atẹ́gùn gbóná kó tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù sí, àti pikọ́ọ̀pù tó ń ru ẹrù wúwo gun òkè.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, ìwọ̀n ló yẹ kó mú lọ sí ọjà Ládípò ní Mushin: fífẹ̀ àti gíga àyè náà, ìhà tí ẹnu rọ́bà omi wà, àti bí fáànù ṣe jìnnà sí i tó. Èyí tó fẹ̀ sàn ju èyí tó kàn nípọn lọ, torí atẹ́gùn ti gbóná kó tó dé ẹ̀yìn èyí tó nípọn. Ẹ́ńjìnnì máa ń mì, nítorí náà kí àyè bí ìka méjì wà láàárín rédíétọ̀ àti fáànù. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, kí wọ́n fi omi àti atẹ́gùn dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ tẹ́mósítáàtì dànù. Kò dára. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ; láìsí i, epo yóò máa lọ jù, ẹ́ńjìnnì yóò sì tètè gbó.

Èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe fúyẹ́, ṣùgbọ́n iná òjé tó ń jó bàbà kì í sábà mú un. Ẹni tó ń gbé ìlú kékeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò bá a tún un ṣe bó bá ń jò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n má ṣe gé ara ọkọ̀ nítorí rédíétọ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ti àtijọ́ pamọ́. Ẹni tó bá wá ra ọkọ̀ àtijọ́ lọ́jọ́ iwájú yóò béèrè ohun tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, yóò sì sanwó lé e.