Wọ́n ní a ti jáde, kí ló dé tí àpò ṣì gbẹ?

Láti Apakun, l'Óṣòdì, la ti ń sọ̀rọ̀.

Tí ọrọ̀ ajé bá ń sún kì fún oṣù mẹ́fà tẹ̀léra, wọ́n á ní ó ti dẹnu kọlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún 2016. Epo rọ̀bì tí wọ́n ń tà ju $100 lọ láàárín ọdún 2014 já wálẹ̀ kọjá $30 ní January 2016. Dọ́là wọ́n, náírà já, ọjà gbówó lórí.

Lọ́dún 2017, àjọ NBS kéde pé a ti jáde: ọrọ̀ ajé fi 0.55% gbérí. Àmọ́ àwa èèyàn ń fi ohun tó ju 2% pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ọbẹ̀ fi ṣíbí kan lé, àlejò mẹ́ta wọlé: ti ta ló máa pọ̀ sí i? Iye ọjà náà kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Eré tó ń sá sókè ló kàn dín kù.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ "a ti jáde", ẹ bi wọ́n: ó fi mélòó gbérí, mélòó la sì jẹ́?

Ó dìgbà kan ná.