Ọmọ Tí Kì Í Sọ̀rọ̀ Kì Í Ṣe Olódo

Ká ní ọmọ ọdún méje kan wà ládùúgbò yín tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, tí kì í sì í wojú èèyàn. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó dákẹ́. Kíá, wọ́n ti ní olódo ni. Ẹ dúró ná! Ṣé ọpọlọ rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ ni, àbí ìbéèrè yẹn ni kò bá a mu?

Ní ọdún 2007, Michelle Dawson, tí òun fúnra rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, àti Laurent Mottron pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kánádà fún ọmọ 38 tó ní ọ́tísíìmù ní ìdánwò méjì. Àkọ́kọ́ ni Wechsler, tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń béèrè, tí wọ́n sì fi ń dáhùn, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Èkejì ni Raven's Matrices. Àwòrán lásán ló wà nínú ìyẹn: wọ́n á to àwòrán, wọ́n á yọ ọ̀kan, ìwọ á wá ronú ìlànà tí wọ́n fi tò ó kó o lè mú èyí tó yẹ àlàfo náà. Kì í ṣeré o, ìrònú gidi ló ń gbà.

Ká ní ọmọ 100 tò láti ẹni tó rẹlẹ̀ jù lọ sókè. Ní ìpíndọ́gba, Wechsler fi àwọn ọmọ yìí sí ipò 26. Raven's gbé wọn dé 56! Ọmọ kan náà ni o. Ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni Wechsler kà sí ẹni tí òye rẹ̀ kéré gan-an. Ní ti Raven's, márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ni. Àwọn ọmọ tí kò ní ọ́tísíìmù ńkọ́? Máàkì tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú méjèèjì.

Nínú ìwádìí míì ní 2009, wọ́n wo inú ọpọlọ àwọn tó ń ṣe Raven's. Apá ẹ̀yìn ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tójú rí ló ṣiṣẹ́ jù lára àwọn tó ní ọ́tísíìmù. Wọ́n gbà á bí àwọn yòókù ṣe gbà á, àmọ́ wọ́n yára jù wọ́n lọ.

Èyí ò ní kí gbogbo wọn jẹ́ jíníọ́sì o. Ọ̀pọ̀ wọn nílò ìrànlọ́wọ́ lójoojúmọ́. Àmọ́ ta ló ń fi kóńgò wọn aṣọ? Nítorí náà, kí wọ́n tó yọ ọmọ kan kúrò nílé ìwé pé kò gbọ́n, ẹ ní kí wọ́n gbé àwòrán síwájú rẹ̀, kí wọ́n sì fún un láyè. Ó lè fọwọ́ tọ́ka sí ìdáhùn tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ.